Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: Bí A Ṣe Ń Fi Kámẹ́rà àti Kọ̀ǹpútà Ya Fídíò Júpítà

Ẹ̀kọ́ wa ní oṣù yìí dá lé ohun tí púpọ̀ nínú yín ti ń béèrè lọ́wọ́ wa: báwo ni ènìyàn ṣe lè ya àwòrán àwọn ìràwọ̀ tí ń rìn, èyí tí à ń pè ní plánẹ́ẹ̀tì, kí àwòrán náà sì mọ́, láìjẹ́ pé ó ní owó rẹpẹtẹ lọ́wọ́?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ sọ ohun tó bí ẹ̀kọ́ yìí. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, a gbé awò awọ̀nàjíjìn, ìyẹn tẹlisíkóòpù, sí àgbàlá ilé ẹ̀kọ́ Lárúbáwá wa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tò láti wo Júpítà, tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní Al-Mushtari. Gbogbo ẹni tó wò ó ló rí ìlà dúdú méjì tó dábùú ara rẹ̀, wọ́n sì rí òṣùpá rẹ̀ mẹ́rin tó tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ìràwọ̀ kéékèèké. Inú wọn dùn púpọ̀. Nígbà tó yá, a so kámẹ́rà mọ́ awò náà, a ya fọ́tò kan ṣoṣo, a sì gbé e wá sí kíláàsì ní ọjọ́ kejì. Kí ni a rí? Bọ́ọ̀lù funfun kan, tí etí rẹ̀ rí wúruwùru, tí kò ní ìlà kankan lára.

Ọmọkùnrin kan tí kò sí níbẹ̀ ní alẹ́ náà dìde, ó ní: “Ùsítáàsì, ẹ má bínú o. Ṣé kì í ṣe pé ọwọ́ ni wọ́n fi kun àwọn àwòrán mèremère tó wà nínú ìwé wọ̀nyí?”

A kò bínú sí i. Ẹni tí a kò tíì fi ẹ̀rí hàn ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn kò jẹ́ kí á sùn. Ohun tí a rí kọ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni a fẹ́ pín pẹ̀lú yín báyìí.

1. ÌDÍ TÍ FỌ́TÒ KAN KÌ Í FI TÓ

Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti kámẹ́rà. Ti afẹ́fẹ́ ni. Bí ẹ bá wo títì ọlọ́dà ní ọ̀sán gangan, ẹ ó rí i pé ohun tó wà lókèèrè ń mì, bí ẹni pé omi ń ṣàn lójú ọ̀nà. Ooru tó ń gòkè láti ara ọ̀dà ló fà á, nítorí afẹ́fẹ́ gbígbóná àti afẹ́fẹ́ tútù kì í tẹ ìmọ́lẹ̀ bákan náà. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ Júpítà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, Ibn al-Haytham, ọmọ Basra tó ṣiṣẹ́ ní Káírò, ti ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ Kitab al-Manazir pé bí ohun tí à ń wò ṣe jìnnà tó, àti bí afẹ́fẹ́ àárín ṣe mọ́ tó, wà lára ohun tó lè mú kí ojú ṣi nǹkan rí.

Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kì í mì bákan náà nígbà gbogbo. Ìgbà díẹ̀ a máa wà, tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan, tí yóò dákẹ́ rọ́rọ́. Àwòrán tó bá bọ́ sí àkókò náà yóò mọ́. Ní ọdún 1978, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, David Fried, ṣe ìṣirò bí ó ti ṣeé ṣe tó kí ènìyàn rí irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Ó pè é ní àwòrán oríire. Nítorí náà, ẹni tó ya fọ́tò kan ń ta ayò lásán ni. Ẹni tó ya ẹgbẹẹgbẹ̀rún yóò rí èyí tó dára nínú wọn. Fídíò kò sì ju ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwòrán tó tẹ̀lé ara wọn kíákíá lọ.

Àǹfààní kejì tún wà. Ẹ jẹ́ kí á sọ pé wọ́n ń kéde nǹkan láàrin ariwo ọjà. Bí ẹnìkan ṣoṣo bá gbọ́ ọ, ó lè ṣì í gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn bá sọ ohun tí wọ́n gbọ́, àṣìṣe oníkálukú yóò yàtọ̀ sí ti ẹnìkejì. Ibi tí ọ̀rọ̀ wọn bá ti papọ̀ ni òkodoro wà. Bẹ́ẹ̀ ni àwòrán ṣe rí. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní àbààwọ́n wẹ́wẹ́ tirẹ̀. Bí a bá to 100 lé ara wọn, àbààwọ́n náà yóò dín kù ní ìlọ́po 10. Bí a bá to 900, yóò dín kù ní ìlọ́po 30.

2. OHUN ÈLÒ

(a) Tẹlisíkóòpù. Tiwa ní dígí tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 150, ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn kí ó tó di àwòrán nínú rẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 1200.

(b) Kámẹ́rà DSLR tó ní Live View, ìyẹn èyí tó lè fi ohun tó ń rí hàn lójú gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ kí a tó ya á. Tiwa jẹ́ tòkunbọ̀, Canon EOS 550D, irú èyí tó jáde ní ọdún 2010. A yọ lẹ́ńsì rẹ̀ kúrò, a sì fi òrùka kan tí wọ́n ń pè ní T-ring so ó mọ́ awò, tó fi jẹ́ pé awò fúnra rẹ̀ ló di lẹ́ńsì kámẹ́rà.

(d) Lẹ́ńsì Barlow onílọ́po méjì, tó ń sọ 1200 yẹn di 2400, kí Júpítà lè tóbi sí i.

(e) Kọ̀ǹpútà alágbèéká àti wáyà USB. Ẹ rí i pé bátìrì kọ̀ǹpútà àti ti kámẹ́rà kún dáadáa, nítorí ẹ mọ̀ pé iná lè lọ nígbàkigbà.

(ẹ) Ètò kọ̀ǹpútà mẹ́rin: EOS Movie Recorder fún gbígba fídíò láti ara kámẹ́rà Canon, PIPP fún títọ́jú fídíò, AutoStakkert fún ṣíṣà àti títò, RegiStax fún pípọ́n. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn, orí Windows sì ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni kan lè gbà wọ́n láti orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan, kí ó fi fláàṣì pín wọn fún àwọn yòókù.

3. ÌDÍ TÍ FÍDÍÒ LÁSÁN KÒ FI TÓ

Níbí ni a ti kọ́kọ́ ṣubú. A tẹ bọ́tìnnì fídíò inú kámẹ́rà, a rò pé iṣẹ́ ti parí. Júpítà jáde, ṣùgbọ́n ó rí kótópó, ìlà ara rẹ̀ kò sì hàn dáadáa. Ẹ wo ìṣirò náà, ẹ ó rí ìdí rẹ̀.

Nígbà tí Júpítà bá súnmọ́ wa, ìbú rẹ̀ lójú ọ̀run kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ogójì ìbú òṣùpá lọ. Pẹ̀lú mìlímítà 2400 tí a sọ, àwòrán rẹ̀ lórí àwo tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà kò ju ìdajì mìlímítà lọ. Àwo náà ní tó mìlímítà 22 ní ìbú, ó sì ní ojúàmì kéékèèké tí à ń pè ní píksẹ́lì, 5184 láti ọ̀tún sí òsì. Júpítà yóò gba nǹkan bí 119 nínú wọn. Ṣùgbọ́n fídíò ńlá inú kámẹ́rà kò ju píksẹ́lì 1920 ní ìbú lọ. Kámẹ́rà ní láti fún 5184 pọ̀ kí ó lè wọ inú 1920. Bẹ́ẹ̀ ni Júpítà tó ní píksẹ́lì 119 ṣe di 44. Ohun tó ju ìdajì lọ nínú ẹ̀rí wa ti ṣòfò kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Ojútùú rẹ̀ ni Live View onílọ́po márùn-ún. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, kámẹ́rà kò ní fún ohunkóhun pọ̀ mọ́. Àárín àwo nìkan ni yóò mú, píksẹ́lì kan fún píksẹ́lì kan, tí yóò sì máa fi ránṣẹ́ gba inú wáyà. Kọ̀ǹpútà yóò sì máa gbà á sílẹ̀ bí fídíò. Ẹni tó bá ní 550D tàbí 60D tún lè lo fídíò kékeré 640 × 480 tí wọ́n ń pè ní Movie Crop, tó ń mú àárín àwo nìkan. Kò ní nílò kọ̀ǹpútà títí di ọjọ́ kejì. Òtítọ́ ni pé àwọn kámẹ́rà kan wà tí wọ́n ṣe fún plánẹ́ẹ̀tì nìkan, tó yára ju èyí lọ, tí wọn kì í sì í fún àwòrán pọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lọ́wọ́ wa ni a ó fi bẹ̀rẹ̀.

4. BÍ A ṢE Ń YA Á

Ẹ mú ọjọ́ tí Júpítà bá súnmọ́ wa. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́tàlá mẹ́tàlá ni ó máa ń kọjú sí oòrùn, tí ayé wa yóò wà láàrin wọn. Ọjọ́ 10 oṣù January 2026 wà lára irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Oṣù February 2027 ni èyí tó tẹ̀lé e. Oṣù kan ṣáájú rẹ̀ àti oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ dára bákan náà. Ilẹ̀ wa sì ní àǹfààní ńlá nínú èyí, nítorí plánẹ́ẹ̀tì máa ń gòkè púpọ̀ lójú ọ̀run wa. Ní ọdún 2019, àwọn ará wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù rí Júpítà ní ìsàlẹ̀, kò ju ìwọ̀n dígírì 16 lọ sókè ilẹ̀; ní Ìbàdàn, ó dé 60. Bí ó bá ti ga tó ni afẹ́fẹ́ tó ń gbà kọjá ṣe ń dín kù tó. Ọyẹ́ a máa fi eruku dín ìmọ́lẹ̀ kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n Júpítà mọ́lẹ̀ tó láti là á kọjá. Nítorí náà, ẹ má torí ọyẹ́ jókòó sílé.

Àwọn ìgbésẹ̀ náà nìyí:

Èkíní: Ẹ gbé awò síta ní wákàtí kan ṣáájú, kí dígí rẹ̀ lè tutù dé ìwọ̀n afẹ́fẹ́ ìta. Orí koríko ni kí ẹ gbé e sí, kì í ṣe orí kọnkéré. Ẹ má sì ṣe wo plánẹ́ẹ̀tì gba òkè páànù ilé tí oòrùn ti sá sí lára látàárọ̀.

Èkejì: Ẹ wá Júpítà sí àárín, kí ẹ tẹ Live View onílọ́po mẹ́wàá, kí ẹ sì yí awò títí àwọn òṣùpá rẹ̀ yóò fi rí tín-ín-rín bí orí abẹ́rẹ́. Ẹ má kánjú níbí. Ẹ yí i kọjá díẹ̀, kí ẹ yí i padà, lẹ́ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Bí èyí kò bá tọ́, kò sí kọ̀ǹpútà tó lè tún un ṣe.

Ẹ̀kẹta: Ẹ padà sí onílọ́po márùn-ún. Ẹ fi ISO sí 400 tàbí 800, kí ìwọ̀n ìgbà tí kámẹ́rà fi ń la ojú wà láàrin ìdá kan nínú 30 àti ìdá kan nínú 60 ìṣẹ́jú àáyá. Àárín Júpítà kò gbọdọ̀ funfun pátápátá. Ibi tó bá ti funfun tán kò ní ohun kankan mọ́ láti sọ. Ó sàn kí ó ṣókùnkùn díẹ̀.

Ẹ̀kẹrin: Ẹ gba fídíò fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí ó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí ni pé Júpítà ń yí kíákíá. Kì í tó wákàtí mẹ́wàá tó fi yí po lẹ́ẹ̀kan. Bí fídíò bá gùn jù, ohun tó wà lára rẹ̀ yóò ti sún kúrò níbi tó wà, àwòrán yóò sì dàrú. Awò tó tóbi ju tiwa lọ yóò tètè rí sísún yìí, nítorí náà kí olówó rẹ̀ dín àkókò kù.

Ẹ̀karùn-ún: Bí awò yín kò bá ní mọ́tò tó ń tẹ̀lé ìràwọ̀, ẹ má dààmú. Tiwa náà kò ní. Júpítà yóò gba ojú àwòrán kọjá ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 25. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ gba ọwọ́ kúrò lára awò, kí ó dúró jẹ́ẹ́, kí ẹ wá jẹ́ kí Júpítà rìn kọjá. Lẹ́yìn náà ẹ dá a padà. Bí ẹ bá yára, ẹ ó rí fídíò kúkúrú bíi mélòó kan gbà láàrin ìṣẹ́jú mẹ́ta, PIPP yóò sì so wọ́n pọ̀.

Ìkìlọ̀ pàtàkì: ẹ má ṣe kọ awò tàbí kámẹ́rà sí oòrùn láé. Ìṣẹ́jú àáyá kan tó láti fọ́ ojú ènìyàn, kámẹ́rà náà yóò sì jóná. Ẹ má sì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá àgùàlà kí oòrùn tó wọ̀ tán.

5. IṢẸ́ KỌ̀ǸPÚTÀ

Ìṣẹ́jú mẹ́ta, tí àwòrán 20 bá ń wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, jẹ́ àwòrán 3600. Ẹ kọ́kọ́ fi PIPP gé òkùnkùn ẹ̀gbẹ́ kúrò, kí ó sì mú Júpítà wá sí àárín nínú gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí i nínú AutoStakkert. Yóò wo ẹyọ kọ̀ọ̀kan, yóò sì tò wọ́n láti orí èyí tó mọ́ jù dé orí èyí tó burú jù. Ẹ sọ fún un kí ó mú ìdá 25 nínú 100 tó dára jù. Ìyẹn jẹ́ 900. Yóò to wọn lé ara wọn di àwòrán kan.

Àwòrán yìí yóò kọ́kọ́ já yín kulẹ̀, nítorí yóò dán láìsí àbààwọ́n ṣùgbọ́n yóò ṣì rọ̀ bí ohun tí a fi aṣọ bò. Ẹ̀rí ti wà nínú rẹ̀. Ó ku kí a pọ́n ọn bí a ti ń pọ́n ọ̀bẹ. RegiStax ló ń ṣe èyí. Bí ẹ bá rọra fa àwọn ìlà rẹ̀ sí ọ̀tún, àwọn ìlà ara Júpítà yóò máa yọ jáde lójú yín. Ní alẹ́ tí a kọ́kọ́ rí i, a pariwo débi pé àwọn ará ilé jí.

6. ÀṢÌṢE TIWA

Ọ̀bẹ tí a bá pọ́n jù, yóò ya ẹni tó mú un lọ́wọ́. Ní oṣù January 2025, nígbà tí Máàsì, ìyẹn Al-Mirrikh, súnmọ́ wa, a ya á, a sì pọ́n ọn títí. Ìlà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan yọ sí inú etí rẹ̀, bí etí àwo tí wọ́n ṣe ní méjì. A gbé e lọ sí kíláàsì, a sì fi ìdánilójú sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé afẹ́fẹ́ Máàsì ni wọ́n ń wò yẹn.

Arábìnrin kan ní iwájú béèrè pé: “Ùsítáàsì, bí ó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ni, kí ló dé tó fi wà ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè dá ohun tí ẹ fà yẹn padà sẹ́yìn?” A dá a padà. Ìlà náà parẹ́. A tún fà á síwájú, ó tún yọ. Ọwọ́ wa ló ń dá a sílẹ̀, kì í ṣe Máàsì. Etí plánẹ́ẹ̀tì tó mọ́lẹ̀, tí òkùnkùn sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ló máa ń dá irú ìlà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ bí a bá pọ́n àwòrán ju bó ti yẹ lọ.

Ojú tì wá, ẹ má jẹ́ kí á purọ́ fún yín. Ọmọkùnrin tó béèrè ẹ̀rí lọ́jọ́ kìíní wà níbẹ̀. Bí a bá dákẹ́, ó lè máà sí ẹni tí yóò mọ̀ lẹ́yìn ọmọbìnrin yẹn. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. A dá ọ̀rọ̀ wa padà lójú gbogbo wọn, a sì pa àwòrán náà rẹ́ kúrò lára ògiri kíláàsì. Láti ìgbà náà ni a ti ní òfin mẹ́ta: fídíò àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ parẹ́, ohun tí kò bá hàn nínú fídíò méjì tí a ṣe lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, a kò ní pè é ní ohun tí a rí, a ó sì kọ ọjọ́, wákàtí, ohun èlò àti iye àwòrán tí a tò sí abẹ́ gbogbo àwòrán. Wákàtí àgbáyé ni kí ẹ kọ, èyí tó jẹ́ pé ẹ ó yọ wákàtí kan kúrò nínú aago Nàìjíríà.

7. ǸJẸ́ ÌSAPÁ YÌÍ NÍ ÈRÈ?

Ó ní. Christopher Go, ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ ìràwọ̀ nídìí iṣẹ́, ń gbé ní Cebu ní Philippines, ìlú tó wà nínú ilẹ̀ olóoru bíi tiwa. Ní oṣù February 2006, láti inú fídíò tirẹ̀, ó ṣàkíyèsí pé ìjì ńlá kan lára Júpítà, tí wọ́n ń pè ní Oval BA, ti yí láti funfun sí pupa. Ní ọjọ́ 3 oṣù June 2010, Anthony Wesley ní Ọsirélíà rí ìmọ́lẹ̀ kan tó kọ yẹ̀rì lára Júpítà níbi tí ó ti ń gba fídíò: nǹkan kan ti já lu plánẹ́ẹ̀tì náà. Go náà ń gba fídíò tirẹ̀ ní Philippines ní àkókò kan náà; nígbà tó yẹ̀ ẹ́ wò, ìmọ́lẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹlẹ́rìí méjì, ní ilẹ̀ méjì. Kò sí ẹni tó lè jiyàn mọ́. Awò àti kámẹ́rà tiwọn lágbára ju tiwa lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é kò yàtọ̀ sí èyí tí a ṣàlàyé yìí.

Ní ti ọmọkùnrin wa, a fi àwòrán Júpítà tó jáde láti inú àwòrán 900 hàn án, pẹ̀lú fídíò tó ń mì rìrì tí a ti yọ ọ́. Ó wo méjèèjì fún ìgbà pípẹ́. Ó ní òun fẹ́ ya tòun. Òun ló ń di kámẹ́rà mú fún wa lónìí.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ ÌPÀDÉ

1. Kí ló dé tí fọ́tò kan ṣoṣo kì í fi mú ìlà ara Júpítà jáde, nígbà tí ojú ènìyàn sì rí i nínú awò?
2. Kí ni Live View onílọ́po márùn-ún ń gbà là, tí fídíò ńlá inú kámẹ́rà ń sọnù?
3. Bí fídíò yín bá jẹ́ ìṣẹ́jú méjì, tí àwòrán 20 ń wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, mélòó ni gbogbo rẹ̀? Bí ẹ bá mú ìdá kan nínú mẹ́fà, ìlọ́po mélòó ni àbààwọ́n yóò fi dín kù?
4. Ọ̀rẹ́ yín mú àwòrán Sátọ̀n, ìyẹn Zuhal, wá, ó ní òun rí ohun tí ẹnìkan kò rí rí lára rẹ̀. Kí ni ohun mẹ́ta tí ẹ ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀?